Kámẹ́rà fídíò tó ti kú láti 1997 jí dìde: Bàbá mi gbọ́ ohùn ìyá wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti olóṣèlú, kì í ṣe ti olè, kì í sì í ṣe ti ìyàwó tó kó ẹrù jáde nílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé irú ẹ̀ ń bẹ nílé ọ̀pọ̀ nínú yín, àfi tí ẹ ò bá tíì yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín wò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni bàbá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún. Láti oṣù Kẹta la ti ń múra ìnáwó náà sílẹ̀. A ti yan aṣọ, a ti bá alásè sọ̀rọ̀, onílù pàápàá ti gba àsansílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí owó ò lè rà: kò sí ẹni tó mọ oríkì ìdílé wa délẹ̀ mọ́.

Ìyá bàbá mi ló mọ̀ ọ́n. Ìsẹ́yìn ni Màmá gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki èèyàn láàárọ̀, àgbàlagbà ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi á máa já bọ́ lójú ẹ̀. Ọdún 2008 ni Màmá filẹ̀ ṣaṣọ bora. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, eré ni mo mọ̀, mi ò mọ oríkì. Nígbà tí a wá pe mọ̀lẹ́bí jọ lọ́dún 2025 pé kí kálukú mú èyí tó mọ̀ wá, ìtìjú ló bá wa. Ẹni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ò mọ òpin, ẹni tó ní òun mọ òpin ti fi ti ilé ìyá ẹ̀ lù ú.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá mi fi mí kanlẹ̀, tí wọ́n ní, "Fídíò kan mà wà o!"

FÍDÍÒ TÍ ẸNIKẸ́NI Ò LÈ WÒ

Ìtàn ẹ̀ rèé. Nígbà ọdún Kérésìmesì 1991, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé kámẹ́rà fídíò wálé. Lọ́jọ́ ọdún tuntun 1992, wọ́n tẹ́ ẹní fún Màmá níwájú ilé n'Ísẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n ki gbogbo ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí bùọ̀dá náà ń padà lọ, ó fi kámẹ́rà àti kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n lò ó fún ìsọmọlórúkọ méjì mẹ́ta, títí di ọdún 1997 tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Wọ́n bá fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sínú àpótí páànù. Ibẹ̀ ló wà kí wọ́n tó bí mi.

Èmi náà sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Mo ní, "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ yá, ká ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ ọ́, ó parí." Bàbá mi ò fọhùn. Wọ́n kàn mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde. Háà! Kò tóbi ju kásẹ́ẹ̀tì orin lọ. Tẹ́ẹ̀pù inú fídíò ńlá tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn VHS, fẹ̀ tó mìlímítà méjìlá àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ bàbá mi ò ju mìlímítà 8 lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Video8.

Ẹ jẹ́ kí n là yín lóye níbí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ owó nù lórí ẹ̀. Irú kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní VHS-C. Ìyẹn ní páálí ike kan tí wọ́n lè kì í bọ̀ kó tó wọ inú ẹ̀rọ fídíò ńlá, torí tẹ́ẹ̀pù kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti mìlímítà 8 yìí, kò sí páálí kankan láyé tó lè sọ ọ́ di VHS. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tà á fún yín, ẹ sá fún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún mìlímítà 8 nìkan ló lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún sì ti ṣọ̀wọ́n. Lọ́rọ̀ kan, kámẹ́rà tó kú nínú àpótí yẹn ni kọ́kọ́rọ́, ohùn Màmá ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

NÍBO LÓ TI ṢẸ̀ WÁ?

Kó tó di ìgbà 1980 sí 1989, ẹni tó bá fẹ́ ya fídíò á gbé kámẹ́rà léjìká, á tún so ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ẹrù aláàárù. Ọdún 1983 ni Sony gbé Betamovie jáde, tí kámẹ́rà àti agbohùnsílẹ̀ di ara kan náà. Ṣùgbọ́n tìẹ náà ní àbùkù: ó ń gbà, kò lè sọ ọ́ padà. Ọdún 1984 ni JVC gbé tiwọn tó ń lo VHS-C dé, nígbà tó sì fi máa di 1985, Sony ti gbé Video8 wá. Láti ìgbà yẹn ni kámẹ́rà ti wọ ọwọ́ ẹni tó ń dìde lọ sí òde ìyàwó.

Nílé wa níbí, àwọn àgbà òṣèré bí Hubert Ògúndé, tó ṣe Aiyé lọ́dún 1979, fíìmù tòótọ́ ni wọ́n ń lò, owó ẹ̀ sì ń jẹ wọ́n run. Nígbà tí fídíò dé, ayé yí padà. Ọdún 1992 tí Màmá jókòó sórí ẹní yẹn náà ni Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, táwọn èèyàn ń rà á bí ẹní ń ra àkàrà. Ó di pé ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, kò sí èyí tí fídíò ò sí níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà lórí tẹ́ẹ̀pù. Níbo ni àwọn tẹ́ẹ̀pù ọ̀hún wà báyìí? Ẹ dá ara yín lóhùn.

ẸNI ÀKỌ́KỌ́ FẸ́RẸ̀Ẹ́ BÀ Á JẸ́ PÁTÁPÁTÁ

Èmi ni wọ́n ní kí n wá ẹni tó máa tún un ṣe. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ ibi tó wà, Ọlọ́run ló mọ ẹjọ́ dá. Kó tó wo ohunkóhun, ó ti mú ṣájà ẹ̀rọ mìíràn tó wà nílẹ̀, fóòtì 12, ó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́. Mo rí i pé fóòtì 6 ni wọ́n kọ sí ìdí bátìrì kámẹ́rà wa. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò pọ̀ jù?" Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Mo gbé kámẹ́rà mi, mo yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní mo tijú lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá má kọ ìròyìn yìí.

Bàbá onírédíò kan ní Mushin ni Ọlọ́run wá fi ṣe alábàápàdé mi. Bàbá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ń ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n gba kámẹ́rà náà, wọn ò wá iná, wọn ò wá ṣájà. Wọ́n tú skúrù díẹ̀, wọ́n gbé imú sí i, wọ́n fa oorun ẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìwọ náà gbọ́ oorun ẹ̀ wò. Kí ló ń run?"

Mo ní, "Ó ń run bí ẹja, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni pé kapásítọ̀ ẹ̀ ti ń jò. Kì í ṣe pé ó kú, omi ló ń mu ún."

OHUN TÓ PA KÁMẸ́RÀ WA

Ohun tí bàbá yìí kọ́ mi ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́. Kapásítọ̀ ni àwọn nǹkan róbótó kéékèèké tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì, tó ń gba iná pamọ́ fún ìṣẹ́jú akàn kó tó tú u sílẹ̀. Omi kan wà nínú wọn. Èyí tí wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní nǹkan bí ọdún 1988 sí 1994, rọ́bà tó dí ìdí wọn ò lágbára tó. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, omi inú ẹ̀ á máa jò sórí pánẹ́ẹ̀lì, á sì máa jẹ ojú ọ̀nà bàbà tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà tí ò ṣubú, tí òjò ò pa, ṣe ń kú sínú àpótí. Ẹ sì rí ẹni tó bá lọ ki iná bọ̀ ọ́ ní irú ipò yẹn, ó lè jó èyí tó kù.

Bàbá so ó mọ́ ẹ̀rọ iná orí tábìlì wọn tó ṣeé yí sókè-sódò, wọ́n fi í sí fóòtì 6 géérégé. Iná pupa kan tàn lára kámẹ́rà, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tó lè ṣẹ́jú, kò tíì kú."

Wọ́n yọ kapásítọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Òmíràn nínú wọn ò ju orí ìbọn ìṣáná lọ. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì fọ omi tó ti jò, wọ́n wá fi àyọ̀n ìjólẹ́ẹ̀dì tẹ tuntun mọ́ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo lọ ra tuntun lọ́jà Alaba. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ìgbà mìíràn, ojú bàbá á rẹ̀, wọ́n á yọ gíláàsì, wọ́n á ní kí n lọ ra ẹ̀wà àgànyìn wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ara ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Gírísì tí wọ́n fi sí i láti ilé-iṣẹ́ ti gan bí ọ̀dà, ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹ̀ ò fi lè ṣí. Wọ́n nù ún kúrò, wọ́n fi tuntun tó fẹ́lẹ́ sí i. Rọ́bà tó ń fa tẹ́ẹ̀pù lọ ti ń dán, wọ́n nù ún títí ó fi padà dúdú.

Ó wá ku orí ẹ̀rọ, ibi tó léwu jù lọ. Orí náà rí bí ìlù kékeré tí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń yí ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lára ẹ̀ ni hẹ́ẹ̀dì méjì tó ń ka àwòrán wà, wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wọn. Bàbá fi bébà funfun tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì kan ìlù náà, wọ́n di bébà mú gírígírí, wọ́n wá fi ìka yí ìlù ọ̀hún rọra. Wọ́n ní, "Má fi òwú nù ún láé, fọ́nrán òwú á há hẹ́ẹ̀dì. Má sì fà á sókè-sódò, wàá ṣẹ́ ẹ. Ìlù ni kó yí, ọwọ́ rẹ ni kó dúró."

Lọ́jọ́ Sátidé kẹrin, wọ́n tẹ bọ́tìnì. Ẹnu kámẹ́rà ṣí! Èmi àti ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ pariwo débi pé àwọn alátẹ́ ìta sáré wá wò wá.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ PÀÁPÀÁ TI BU

Mo ti fẹ́ ki kásẹ́ẹ̀tì Màmá bọ̀ ọ́. Bàbá gbá mi lọ́wọ́. "Ṣé ìwọ á fi ọmọ rẹ dán afárá tuntun wò ni?" Kásẹ́ẹ̀tì tí kò já mọ́ nǹkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, bóyá ẹ̀rọ náà á jẹ ẹ́. Kò jẹ ẹ́.

Wọ́n wá gbé kásẹ́ẹ̀tì Màmá sójú oòrùn ojú fèrèsé, wọ́n wo ìdí ẹ̀. Nǹkan funfun wà níbẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti bu! Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa yìí ló ń fà á. Bí wọ́n bá ki kásẹ́ẹ̀tì tó ti bu bọnú ẹ̀rọ, èébu yẹn á dí hẹ́ẹ̀dì, tẹ́ẹ̀pù lè lẹ̀ mọ́ ìlù kó sì já. Bàbá gbé e sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di imú, wọ́n ń fọwọ́ yí tẹ́ẹ̀pù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ gbígbẹ nu èébu náà.

Wọ́n tún fún mi ní ìkìlọ̀ kan: "Ìgbà àkọ́kọ́ tá a bá ti sọ ọ́, ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Nítorí náà, ká máa gbà á sílẹ̀ bá a ṣe ń wò ó." A fi wáyà aláwọ̀ yẹ́lò, ti àwòrán, àti funfun, ti ohùn, so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé e wọnú kọ̀ǹpútà. Mo pe bàbá mi lórí fóònù pé kí wọ́n máa bọ̀.

ỌJỌ́ TÍ MÀMÁ SỌ̀RỌ̀

Bàbá mi wọ agbádá wá sí ṣọ́ọ̀bù onírédíò. Mo ní, "Bàbá, ṣé òde lẹ ń lọ ni?" Wọ́n ní, "Ìyá mi ni mo wá kí."

Bàbá onírédíò tẹ̀ ẹ́. Ojú fídíò kọ́kọ́ funfun, ó ń ṣe ṣààà bí òjò. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì. Mo rí ọwọ́ bàbá mi tó ń gbọ̀n. Lójijì ni ohùn jáde, kó tó di pé àwòrán mọ́. Kì í ṣe oríkì. Ohùn ìyá àgbà kan tó ń bínú ni, ó ń ní, "Ẹ ní sùúrù, kí ni gbogbo yín ń sáré sí? Ẹ jẹ́ kí n wé gèlè mi ná!"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Sórí sìmẹ́ńtì, láàárín wáyà àti rédíò tó ti bàjẹ́, nínú agbádá. Bàbá onírédíò kọjú sógiri, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ń wá sukudiráfà.

Ẹ má tíì jó o. Ìṣẹ́jú méjìlá péré la fi wò ó, ni NẸ́PÀ bá mú iná lọ! Tẹ́ẹ̀pù ṣì wé mọ́ ìlù nínú kámẹ́rà. Bàbá mi fẹ́ fà á jáde. Bàbá onírédíò ké mọ́ wọn, ẹ̀rù ba gbogbo wa: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹni tó bá fà á, ó fà á já nìyẹn." Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n rọra dá iná padà sí i, ẹ̀rọ náà tú tẹ́ẹ̀pù sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ẹ̀ ló pé. Ibi kan wà láàárín tí èébu ti jẹ, tó tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá, a ò rí nǹkankan níbẹ̀ ju òjò funfun lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ki ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tiwọn ti lọ pátápátá. Ká ní a jí lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú ni, bóyá à bá rí i. Ṣùgbọ́n oríkì ìdílé jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Màmá sì dárúkọ ìyá bàbá-ńlá wa, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò mọ̀ mọ́. Mo jókòó, mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ ìnáwó ní oṣù Kẹjọ, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló dìde ki bàbá mi. Kò ka ìwé. Ó ti há a sórí.

Ẹ TÈTÈ DÌDE

Ìdí tí mo fi kọ èyí rèé. Ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tó ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS kẹ́yìn, ti dáwọ́ ẹ̀ dúró láti oṣù Keje ọdún 2016. Lọ́dún 2015, àwọn tó ń tọ́jú fíìmù àti ohùn fún ìjọba Australia kìlọ̀ pé tẹ́ẹ̀pù tí wọn ò bá tíì gbé sórí kọ̀ǹpútà tó bá fi di 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló máa ṣègbé. Ọdún ọ̀hún ti dé bá wa. Tẹ́ẹ̀pù ń bu, ẹ̀rọ ń jò, àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé: ẹ má ki iná bọ kámẹ́rà tó ti pẹ́ nílẹ̀ kí onímọ̀ tó tú u wò. Ẹ wo iye fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ yẹ ìdí kásẹ́ẹ̀tì wò bóyá ó ti bu. Ẹ má fi tẹ́ẹ̀pù gidi dán ẹ̀rọ wò. Bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ẹ gbà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, síbi méjì ó kéré tán.

Mo bi bàbá onírédíò bóyá ọmọ iṣẹ́ wọn ti mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní fóònù ló ń wù ú. Mo ní, "Ẹ̀yin Bàbá, tí kámẹ́rà mìíràn bá dé ńkọ́?" Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ náà ti rí i bí mo ṣe ṣe é. Ọjọ́ Sátidé, máa bọ̀."

Mo sì ń lọ o.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé tiyín? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́.